Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́

Bọ́kù yẹn ò gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Oníke dúdú ni, irú èyí tó máa ń wà lára báàgì ọmọ iléèwé, tí ẹ bá ti ti akọ rẹ̀ bọ inú abo ẹ ó gbọ́ "ká!", ó ti há nìyẹn. Lórí ilẹ̀, ọmọdé á há a láì wò ó. Àmọ́ inú omi ni mo wà, omi dé àgbọ̀n mi, mo fi apá kan gbá láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, mọ́ra, mo ń fi ọwọ́ kejì wá ibi tí abo bọ́kù wà, mi ò rí i. Tí mo bá fà á wálẹ̀ á tún ta sókè, á gbá mi lágbọ̀n, torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni pé kó léfòó, ó sì ń léfòó lóòótọ́, èmi ni mi ò sí nínú rẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ ihò apá kan, kí n tó rí ihò kejì ó ti yí po ó ti wà lẹ́yìn mi, mo sì ti mu omi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbé bọ́kù yẹn kiri nínú ọkàn mi. Ohun tó jẹ́ kí n máa kọ ọ́ báyìí ni fọ́tò kan tí mo rí láìpẹ́ yìí, àwọn mẹ́rin nínú ọkọ̀ kékeré kan, ẹja ńlá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, láìfù jákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin sì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò tíì já ọ̀rá kúrò lára ẹ̀. Àyà mi já. Torí bí tiwa náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. A ní in. Ká ní ẹ bi wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bóyá a ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, a ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú ọkọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Àwa mẹ́ta la jáde lọ́jọ́ náà, èmi, bọ̀dá mi, àti ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn. Bọ̀dá mi ló kọ́ mi ní ẹja pípa, àwọn náà ló kọ́ mi ní odò wíwẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ páànù fúyẹ́ kan la gbé, kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ, ẹ́ńjìnì kékeré wà nídìí ẹ̀. Adágún omi náà tòrò débi pé òjìji igi tó wà lódìkejì hàn kedere nínú ẹ̀. Ìyàwó wa sìn wá dé bèbè. Òun ló gbé láìfù jákẹ́ẹ̀tì ọmọ ẹ̀ dání, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó há bọ́kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fa okùn tó gba àárín itan kọjá, ó wá di ẹ̀wù náà mú níbi èjìká méjèèjì ó gbé e sókè bíi pé ó fẹ́ gbé ọmọ yẹn kúrò nílẹ̀, ó ń wò ó bóyá ẹ̀wù á yọ débi etí. Kò yọ. Ọmọ ń ráhùn pé ó fún òun láyà. Ó ní, "Jẹ́ kó fún ẹ láyà." Ó wá kọjú sí wa: "Dádì, tiyín ńkọ́? Àǹtí mi, tiyín ńkọ́?" Bọ̀dá mi ní ó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú, pé tí afẹ́fẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ a máa wọ̀ ọ́. Ó tún bi wá pé aago mélòó la máa dé, a ní aago mẹ́wàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí aago mẹ́wàá yẹn, mò ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni ẹja gbé ìwọ̀ bọ̀dá mi. Ẹja gidi ni, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n dìde dúró kí wọ́n lè fà á dáadáa. Èmi náà mú àwọ̀n ọlọ́wọ́, mo nà síta níbi tí wọ́n dúró sí kí n lè fi gbé ẹja yẹn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Kò sí ìgbì, kò sí ìjì, kò sí ọkọ̀ kankan tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àgbà méjì wúwo sápá kan, etí ọkọ̀ kan omi, omi ya wọlé, omi tó wọlé yẹn tún rọ́ lọ síbi tí a wà ó fi kún ìwúwo wa, kí n tó lanu pé "bọ̀dá" ọkọ̀ ti dojú dé. Mi ò rò pé ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ pé tí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ òun á sáré wọ̀ ọ́, ẹ bá mi bi í pé ìgbà wo.

Omi àárọ̀ tutù. Ìgbà tó bò mí mọ́lẹ̀, mo fa èémí gbùà, kì í ṣe pé mo fẹ́ fà á, ara ló fà á fúnra ẹ̀, ká ní orí mi ṣì wà nísàlẹ̀ nígbà yẹn ni, omi ni mi ò bá fà. Mi ò mọ̀ pé nǹkan yẹn lórúkọ títí di ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tí mo kà nípa Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì Manitoba ní Kánádà, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti wádìí ohun tí omi tútù ń ṣe sára èèyàn, òun fúnra ẹ̀ máa ń wọ inú omi oníyìnyín láti fi hàn. Òun ló jẹ́ káwọn èèyàn mọ nǹkan tí wọ́n ń pè ní 1-10-1: tí omi bá tutù gan-an, ẹ ní ìṣẹ́jú 1 láti ṣàkóso èémí yín, ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, àti nǹkan bíi wákàtí 1 kí òtútù tó mú kí ẹ dákú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òtútù ló ń pa èèyàn nínú omi tútù, pé ó ń pẹ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ti ń lọ, nígbà tí èémí ò tíì wálẹ̀, àwọn míì ń lọ nígbà tí ìka ò lè mú nǹkan mọ́. Kí ẹ tó jẹ àǹfààní wákàtí kan yẹn, nǹkan kan gbọ́dọ̀ ti máa gbé orí yín sókè láì gba àṣẹ lọ́wọ́ yín. Omi tiwa ò tutù tó ti yìnyín rárá, síbẹ̀ ọwọ́ mi ò lè há bọ́kù.

Ìgbà tí mo yọrí, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ọmọ yẹn. Ó ti wà lójú omi, ó dojú kọ ojú ọ̀run, ó ń wúkọ́, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ẹ̀ ká a mọ́rùn. Kò ṣe nǹkan kan o. Kò lúwẹ̀ẹ́, kò ta ẹsẹ̀, ẹ̀wù ló gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Èmi àti bàbá ẹ̀ tá a mọ̀ ọ́n wẹ̀, àwa là ń jà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wa àìmọye ìgbà, mo rò pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí èèyàn má gbéra ga. Àfi ìgbà tí mo rí bọ̀dá mi lọ́jọ́ yẹn ló tó yé mi. Bèbè ò jìnnà lójú. Wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn á lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ìrànlọ́wọ́, kí èmi di ọmọ mú. Mo ní "Bọ̀dá, ẹ má lọ," wọ́n ti lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ò ní dán an wò láéláé, á di ọkọ̀ mú títí. Mímọ̀ ọ́n wẹ̀ yẹn gan-an ló mú wọn kúrò níbi tí ìyè wà. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ṣòkòtò jíǹsì wà nídìí wọn, mo ń wò wọ́n, ọwọ́ tí wọ́n fi ń lu omi ń lọra, lẹ́yìn náà wọn ò pariwo mọ́, wọn ò juwọ́, wọ́n kàn dákẹ́, ẹnu wọn bá omi dọ́gba. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé bí ẹni tómi fẹ́ gbé lọ ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú fíìmù wọ́n máa ń ké wọ́n máa ń juwọ́. Lójú ayé, ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́ ò ní afẹ́fẹ́ tó máa fi ké, ọwọ́ ẹ̀ sì ń tẹ omi nísàlẹ̀ kí ẹnu lè yọ, kò ráyè juwọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ló ké. "Dádì, ẹ padà! Dádì!" Ó wá rántí fèrè. Fèrè pupa kékeré kan wà tí wọ́n so mọ́ àyà ẹ̀wù ẹ̀, ohun tó fi ń ṣeré tí ìyá ẹ̀ ń bá a wí sí, ó ti í bọnu ó ń fọn ọ́n. Bọ̀dá mi yíjú padà. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe padà dé ìdí ọkọ̀ yẹn, àwọn náà ò mọ̀. Mo ti pa bọ́kù tì nígbà yẹn, mo ti tẹ láìfù jákẹ́ẹ̀tì yẹn sábẹ́ abíyá mi bí ìrọ̀rí, mo na ọwọ́ kan sí wọn, ọwọ́ kan wà lórí ìdí ọkọ̀ tó ti dojú dé. Ọkọ̀ ò rì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ni kì í rì tó bá dojú dé, ó máa ń léfòó síbẹ̀, ó sì tóbi ju orí èèyàn mẹ́ta lọ lójú ẹni tó ń wá wa. Òfin tó rọrùn jù nínú gbogbo òfin orí omi ni pé kí ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀, òun náà ló sì nira jù láti tẹ̀lé, torí pé bèbè máa ń pe èèyàn.

Ìyàwó wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago láti aago mẹ́wàá géérégé. Ní mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ó ti lọ bá àwọn ọkùnrin méjì tó ń tún ọkọ̀ wọn ṣe níbẹ̀, ó ní àwọn èèyàn òun sọ pé mẹ́wàá, wọn ò tíì dé, ọ̀nà ibí yìí ni wọ́n gbà. Àwọn yẹn ní bóyá ẹja ló ń jẹ. Ó ní rárá, ẹ bá mi lọ wò ó. Ìgbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnì láàárín omi láti fetí sílẹ̀, fèrè ni wọ́n gbọ́. Ohùn mi ti lọ pátápátá nígbà yẹn, mi ò lè pariwo dé ibi kankan, àmọ́ fèrè ò gba agbára, ẹni tó bá ṣì ń mí lè fọn ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ sọ fún ẹnì kan ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ àti aago tẹ́ ẹ máa dé kí ẹ tó kúrò nílẹ̀, kí ẹni náà sì jẹ́ ẹni tí kò ní tijú láti da àwọn èèyàn láàmú nítorí yín. Fóònù mi wà nínú àpò mi ní gbogbo àkókò yẹn, omi ti pa á láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

A ò pàdánù ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ka eléyìí ò lè sọ bẹ́ẹ̀, mo sì kí yín kú ara fẹ́ra kù.

Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí nǹkan tó yẹ kó gbé èèyàn sókè ṣe kéré tó. Ara wa fẹ́rẹ̀ẹ́ léfòó fúnra ẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò nílò ju agbára tó lè gbé kìlógíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún àti díẹ̀ lọ láti mú orí wọn dúró sókè omi. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń mí àti ẹni tí kò mí ò ju ìyẹn lọ. Lára lébẹ́ẹ̀lì láìfù jákẹ́ẹ̀tì ẹ máa rí nọ́ńbà kan pẹ̀lú lẹ́tà N, ìyẹn Newton, 10 N sún mọ́ agbára tó lè gbé kìlógíráàmù kan. Òdiwọ̀n kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, ISO 12402, pín in sí 50, 100, 150 àti 275. Èyí tó jẹ́ 50 wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí, kò ní yí yín dojú sókè tẹ́ ẹ bá ti dákú. 100 wà fún omi tó fara balẹ̀. 150 ló wà fún ojú òkun, òun ló lè yí ọ̀pọ̀ èèyàn dojú sókè bí wọn ò bá tiẹ̀ mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. 275 wà fún ibi tó le jù, fún ẹni tó wọ aṣọ tó wúwo tàbí tó gbé irinṣẹ́ sára. Ẹ tún wo ìwọ̀n ara tí wọ́n kọ sára ẹ̀, torí ti àgbà lára ọmọdé á yọ gba orí ẹ̀ kọjá lójú ẹsẹ̀, ohun tí ìyá yẹn ń wò nìyẹn nígbà tó gbé e sókè níbi èjìká.

Èyí tí mo dì mú nínú omi lọ́jọ́ yẹn, mo padà lọ wò ó. Bọ̀dá mi ti ń fi í ṣe tìmùtìmù láti bí ọdún mélòó kan, ìjókòó ọkọ̀ páànù máa ń le, ó sì máa ń gbóná tí oòrùn bá mú. Fóòmù inú ẹ̀ ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé, ẹ lè fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ kó pàdé. Fóòmù tó ti fún pọ̀ ti pàdánù afẹ́fẹ́ inú ẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń gbé èèyàn. Ẹ má jókòó lé e, ẹ má gbé nǹkan lé e lórí, tó bá tutù ẹ fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ìbòòji, ẹ má sá a síwájú iná. Tí aṣọ ara ẹ̀ bá ti ń ṣá tó ń ya, ẹ rà míì.

Ìtàn kan wà tó wọ̀ mí lára. Ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1861, ìjì ńlá jà létí òkun ìlú Whitby nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ adóòlà gba àwọn èèyàn là níbẹ̀ jáde léraléra lọ́jọ́ yẹn lọ kó àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tó ń fọ́. Ìgbà tí wọ́n jáde kẹ́yìn, ìgbì dojú ọkọ̀ wọn dé. Mẹ́tàlá ni wọ́n. Méjìlá kú. Ẹnì kan tó yè, Henry Freeman, òun ló wọ ẹ̀wù tuntun tí wọ́n fi kọ́ọ̀kì ṣe, kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò yẹn náà, èyí tí John Ross Ward ṣe ní 1854 fún RNLI, àjọ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun níbẹ̀. Àwọn méjìlá yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ omi, iṣẹ́ wọn ni omi, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an wọ́n ti gba ẹ̀mí àwọn ẹlòmíì là. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí wọn ni mo máa ń rántí ẹ̀yìn orí bọ̀dá mi tó ń lọ sí bèbè.

Ó ti lé ní ọdún 160 báyìí, nǹkan ò sì yàtọ̀ púpọ̀. Nínú ìròyìn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun Amẹ́ríkà gbé jáde lórí ìjàǹbá ọkọ̀ ìgbafẹ́ ọdún 2023, èèyàn 564 ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n mọ ohun tó pa wọ́n, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ omi ló gbé wọn lọ, nínú àwọn tómi gbé lọ tí wọ́n mọ̀ bóyá wọ́n wọ ẹ̀wù tàbí wọn ò wọ̀ ọ́, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ò wọ̀ ọ́. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Torí mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀: ó ṣeé ṣe kí ẹ̀wù wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, lábẹ́ ìjókòó, bíi tiwa. Òfin pé kí ẹ ní in nínú ọkọ̀ ò tó. Mo fara mọ́ ti orílẹ̀-èdè Ireland tó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà níta nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí kò gùn tó mítà 7 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Amẹ́ríkà náà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ tí ọkọ̀ bá ń rìn àfi tó bá wà nínú yàrá ọkọ̀, ó dáa, àmọ́ mo máa ń rò ó pé ta ló máa fa ọmọ yẹn sókè tí bàbá àti ìyá ò bá wọ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ẹja pípa tún ní tiẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ lásán. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ síbì kan jókòó, ojú ẹ̀ wà níwájú. Ẹni tó ń pẹja máa ń dìde, máa ń yí ara, máa ń nà síta, ojú ẹ̀ sì wà lára okùn. Ẹ jókòó fa ẹja yín. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ gbéra, ẹ tẹ̀ ba, kí ọwọ́ di nǹkan mú, kí ẹnì kan ṣoṣo máa mira nígbà kan, tẹ́nì kan bá sì lọ sọ́tùn-ún kí ẹnì kejì fara ti òsì. Èmi ni mo yẹ kí n jókòó sí òdìkejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹja á já, ẹ jẹ́ kó já.

Iye èèyàn tí ọkọ̀ lè gbà, ó sábà máa ń wà lára páálí kékeré kan tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà wọn gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ pín in sí 15. Ọkọ̀ tó gùn ní 14 tó fẹ̀ ní 5 jẹ́ 70, ẹ pín in sí 15, ó gba èèyàn mẹ́rin, ó ṣẹ́ kù díẹ̀ tí kò tó èèyàn. Ìyẹn wà fún ọjọ́ tómi bá dáa. Àpótí irinṣẹ́, yìnyín tẹ́ ẹ fi ń tọ́jú ẹja, jálá epo, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ nínú ìwọ̀n yẹn.

Ìdákọ̀ró, iwájú ọkọ̀ ni kí ẹ ti sọ ọ́, kí ẹ má sọ ọ́ láti ìdí láéláé. Ìdí ló rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni ìwúwo ẹ́ńjìnì wà, tí okùn bá fà á mọ́lẹ̀ tí ìgbì kékeré kan dé, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Mo ti rí ọkọ̀ kan tó rì báyìí láìkúrò lójú kan, ọjọ́ tí oòrùn ń ràn.

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnì náà ńkọ́, èyí tó rọ́ bíi waya fóònù àtijọ́, ẹ so ó mọ́ ara yín. Tí ẹni tó ń wa ọkọ̀ bá já bọ́, ẹ́ńjìnì tí kò sẹ́ni dì mú sábà máa ń yí ọkọ̀ po, á padà wá bá ẹni tó já bọ́ pẹ̀lú abẹ ìdí ẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di òfin fún ọkọ̀ tí kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 26 tó bá ní irú okùn yẹn. Ọtí ò sì yẹ kó bá ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ rárá, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa bàtà rọ́bà gígùn tó dé ìbàdí, pé ṣé kì í fa èèyàn lọ sísàlẹ̀ tómi bá kún inú ẹ̀. Omi tó wà nínú bàtà ò wúwo nínú omi, kò lè fà yín lọ sísàlẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gòkè sínú ọkọ̀ ni ìwúwo ẹ̀ á dé, lójijì, ẹsẹ̀ á wá dà bí òkúta. Tẹ́ ẹ bá lè so okùn kan mọ́ ìdí ọkọ̀ kí ẹ ta á ní kókó bí àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ lè bọ̀, á ràn yín lọ́wọ́ gan-an. Kí ẹ sì ti pa ẹ́ńjìnì o.

Bọ̀dá mi ò fẹ́ràn fóòmù mọ́, wọ́n ní ó ń ká àwọn lápá kò tí wọ́n bá fẹ́ ju ìwọ̀, àwọn wá ra èyí tó máa ń fẹ́ fúnra ẹ̀, pẹlẹbẹ ni, ó dà bí bẹ́líìtì èjìká. Mo bá wọn yọ̀, torí èyí tí èèyàn á wọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Àmọ́ iṣẹ́ wà lára ẹ̀ tí fóòmù ò ní. Lọ́dọọdún a máa ń tú tiwọn sórí tábìlì. Ìgò irin kékeré kan wà nínú ẹ̀, gáàsì CO2 gíráàmù 33 ló wà nínú tiwọn, bọ̀dá mi á yí i kúrò, wọ́n á wò ó bóyá ihò ti wà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n ìdáná wa, a ó fi wé nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gáàsì ti jò. Wọ́n á fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú ọ̀pá rọ́bà títí á fi le, a ó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lọ́dún méjì sẹ́yìn a jí, ó ti rọ̀ bí ewé tó rọ. Ìwọ̀ ló gún un, ihò tí ojú ò lè rí, a gbé e sínú omi ká tó rí ibi tó ti ń hó. Ẹ̀yin apẹja, ẹ fi eléyìí sọ́kàn: ìwọ̀ ò lè ṣe fóòmù ní nǹkan, àmọ́ ó lè sọ onígáàsì di asán kí ẹ má mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọn ò sì ṣe fún ọmọdé, ọ̀pọ̀ èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ò wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16. Ọmọdé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ fún wọn ní fóòmù.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Pé ó ń mú ooru, pé ó ń dí ọwọ́, pé omi tí wọ́n mọ̀ láti kékeré ni, pé bèbè hàn. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni, èmi náà ti sọ gbogbo ẹ̀ rí. Ohun tí mo kàn fẹ́ ni pé kí ẹnì kan tó ń ka eléyìí lọ gbé tiẹ̀ jáde lónìí, kó wọ̀ ọ́ nínú ilé, kó há bọ́kù yẹn, kó tú u, kó tún há a, lẹ́yìn náà kó ki ọwọ́ bọ omi tó tutù gan-an fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tún gbìyànjú.

Ọmọ yẹn ti pé ọdún méjìdínlógún báyìí, ó ga ju bàbá ẹ̀ lọ. Lóṣù tó kọjá a jọ lọ, àwa mẹ́ta náà. Bọ̀dá mi ti wọ tiwọn látinú mọ́tò. Mo ń kó ìjẹ àti ọ̀pá sínú ọkọ̀, mo ti wọ tèmi àmọ́ mi ò tíì há a, mo ní tí mo bá ti jókòó tán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú mi, ó fa okùn méjèèjì títí tí ó fi le, ó wá dìde ó di ẹ̀wù náà mú níbi èjìká, ó gbé e sókè, ó ń wo etí mi. Kò kúrò lójú kan. Ó há ti ìsàlẹ̀, ó há ti àárín, ó há ti òkè, mo gbọ́ "ká!" lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn ló tó ti ọkọ̀ sómi.